Ọmọrí Fáàfù Kọ́ Ló Ń Di Afẹ́fẹ́ Mú

Ẹ jókòó sábẹ́ àtíbàbà fọkanáísà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún wákàtí kan péré, yálà lápá Tákié ni o tàbí lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin, ẹ máa gbọ́ ọ: "Ọ̀gá, ọmọrí fáàfù mi ló já bọ́ lánàá, òun ló jẹ́ kí táyà rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́." Ọlọ́kadà kejì á dá a lóhùn pé tòun ti sọnù láti ìgbà Iléyá, táyà òun ò sì tìtorí ẹ̀ rọ̀ rí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọ̀gá fọkanáísà á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn méjèèjì ló rí òótọ́ mú níbì kan. Ọmọrí yẹn kọ́ ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Ṣùgbọ́n tí ò bá sí níbẹ̀, ó pẹ́ ni, ó yá ni, nǹkan tó ń di afẹ́fẹ́ mú gan-an á bàjẹ́.

Kí ni nǹkan ọ̀hún? Irin tín-ín-rín tó yọ lára túùbù, tó gba ihò rímù jáde láàárín àwọn sípóòkì, òun là ń pè ní fáàfù. Àwọn kan ń pè é ní ẹnu túùbù, orúkọ yẹn náà ò burú. Ihò la àárín rẹ̀ já, inú ihò yẹn ni píìnì ń gbé. Bí wọ́n bá tú píìnì náà sórí àtẹ́lẹwọ́ yín, kò gùn ju oríkèé ìka kékeré lọ. Òkè rẹ̀ jẹ́ idẹ tó ní tírẹ́ẹ̀dì, èyí tó fi ń wọ inú fáàfù. Abẹ́ idẹ yẹn ni òrùka róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yí i ká, ó lè jẹ́ pupa, ó lè jẹ́ dúdú. Irin kan bí abẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, sípírínì kékeré ló dì í mú, róbà mìíràn sì wà nídìí pátápátá.

Róbà ìdí yìí ni ọ̀gá. Sípírínì ń fà á sókè kó lè dí ihò, afẹ́fẹ́ inú túùbù náà sì ń tì í láti ìsàlẹ̀, débi pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni róbà á ṣe lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀ tó. Ẹ fi orí èékánná tẹ irin yẹn, ẹ ó gbọ́ "ṣììì": róbà ti kúrò láyè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọwọ́, ó padà síbi tó wà, ariwo dákẹ́. Òrùka ti òkè ń dí ẹ̀gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà gba ara tírẹ́ẹ̀dì sá lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ọmọrí ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ yọ ọ́ lára táyà tó dára, ẹ gun ọ̀kadà yín dé Ọ̀yọ́ kí ẹ sì padà, kò ní rọ̀.

Irú fáàfù yìí ni wọ́n ń pè ní Schrader. Orúkọ August Schrader ni, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ọdún 1893 ni wọ́n sì gba ìwé àṣẹ fún un ní Amẹ́ríkà. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìwọ̀n kan náà ni ọ̀kadà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ń lò. Ọmọrí táyà ọkọ̀ á wọ táyà ọ̀kadà geerege. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ti Bajaj yàtọ̀ sí ti Toyota, ọjà ló fẹ́ tà.

Àríyànjiyàn míì tún wà tó máa ń dìde láàárín àwọn tó fẹ́ràn eré: wọ́n ní bí ọ̀kadà bá ń sáré burúkú, yíyí táyà á fa píìnì ṣí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Orí fáàfù kọjú sí àárín ẹsẹ̀ ọ̀kadà, nítorí náà bí táyà ṣe ń yí, ó ń ju abẹ́rẹ́ inú píìnì síta, síhà inú túùbù, ìhà yẹn náà sì ni a máa ń tẹ̀ ẹ́ sí tí a bá fẹ́ tú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi alùpùpù ńlá díje fi ń lo ọmọrí onírin tó ní róbà nínú. Ṣùgbọ́n eré tí ọ̀kadà 100cc tó gbé èrò méjì àti àpò gààrí kan lè sá, sípírínì ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ.

Iṣẹ́ ọmọrí, nígbà náà? Ìkòkò ọbẹ̀ tí a ò dé, ọbẹ̀ ò ní tìtorí ìyẹn dà nù, eṣinṣin ni yóò kó sí i. Ohun tí ọmọrí ń lé ni eruku, ẹrẹ̀ àti omi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun ọ̀kadà gba ọ̀nà oko ní Orí-Iré lásìkò ọyẹ́ mọ irú eruku pupa tí à ń sọ, èyí tó ń wọ inú bàtà tí a de okùn rẹ̀ pinpin. Ẹ wá wo bí fáàfù ṣe dúró: bí ọ̀kadà bá dúró tí fáàfù wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń wo òkè, bí ife tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ń kán láti ara sípóòkì àti ìbòrí táyà á máa bọ́ sínú ife yẹn láti alẹ́ dàárọ̀. Idẹ kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n sípírínì inú píìnì lè dípẹtà, irú èyí tí omi bá ń bọ́ sí lójoojúmọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò ní padà láyè rẹ̀ dáadáa mọ́.

Iyanrìn tó jókòó lẹ́nu fáàfù nìkan ò tíì ṣe yín ní nǹkan o. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ fẹ́ táyà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Fọkanáísà á ti ẹnu rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ bọ fáàfù, yóò tẹ píìnì sílẹ̀, ihò á ṣí, afẹ́fẹ́ tó le á sì gbá gbogbo iyanrìn yẹn wọlé. Hóró kan ṣoṣo tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, bó bá ti há sáàárín róbà ìdí àti àyè rẹ̀, ó parí. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde lẹ́bàá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìní ariwo. Ẹ kúrò níbẹ̀, táyà le bí òkúta. Ilẹ̀ mọ́, ó ti rọ̀. Ẹ wá ní fọkanáísà ò fẹ́ ẹ dáadáa. Nítorí èyí ni ọ̀gbẹ́ni tí ọmọrí rẹ̀ ti sọnù láti ìgbà Iléyá ṣe lè máa fọ́nnu: kò tíì fẹ́ táyà náà lọ́jọ́ tí iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ èyí á mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n fẹ́ táyà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi àkísà nu ẹnu fáàfù, ara tírẹ́ẹ̀dì àti inú ihò. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tẹ píìnì lẹ́ẹ̀kan wàì, bí ẹni ṣẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ inú túùbù fúnra rẹ̀ gbá ohun tó kù síta. Ẹ yí ojú yín kúrò o, torí iyanrìn yẹn ń jáde tipátipá. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lásán, torí ẹnu rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n ń wọ́ kiri ilẹ̀ náà ní iyanrìn tirẹ̀. Ìgbà yìí ni kí wọ́n tó tì í bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n fọkanáísà tó ń ṣe é ò pọ̀. Ẹ rọra sọ pé "Ọ̀gá, ẹ bá mi nù ún ná", kò sì sí ẹni tó máa bínú.

Ọmọrí ńkọ́, níbo ló wà nígbà tí gbogbo èyí ń lọ? Ilẹ̀ ni, nínú iyanrìn! Wọ́n tú u, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n fẹ́ táyà tán, wọ́n mú un, wọ́n sì dè é padà tòun ti iyanrìn inú rẹ̀. Ohun tí a ní kó máa lé eruku ló wá ń ru eruku wá sílé. Ẹ gbà á sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì rò pé títì ni ọ̀pọ̀ ọmọrí ń já bọ́ sí, ẹ wolẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà fọkanáísà èyíkéyìí, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe sùn síbẹ̀ bí ìkarawun ìgbín.

Ká wá sọ pé táyà ń rọ̀, ẹ ò sì mọ ibi tó ń gbà jò. Ẹ má tíì tú ẹsẹ̀ ọ̀kadà sílẹ̀, ẹnu fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ yí i kí fáàfù wà nísàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi ìka tó ní itọ́ dí i lójú, tàbí kí ẹ kán omi ọṣẹ sí i bí ẹ bá ń kórìíra itọ́ (ojú ọ̀nà ò gbọ́ ìyẹn, itọ́ ni gbogbo ayé ń lò). Ẹ má sáré. Ẹ kà dé ọgbọ̀n. Bí itọ́ bá jókòó jẹ́jẹ́, píìnì ò jẹ̀bi. Bó bá wú díẹ̀díẹ̀ bí ojú èéwo, tó bẹ́, tó tún wú, ẹ ti rí olè.

Ẹ má tíì ra píìnì tuntun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wàì wàì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, bóyá iyanrìn á fò jáde, kí ẹ tún fi itọ́ sí i. Bó bá ṣì ń wú, ó lè jẹ́ pé píìnì ò dè dáadáa. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí orí rẹ̀ là sí méjì, tó ń gbá etí méjèèjì píìnì mú. Ẹ fi yí i sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, kó ṣáà dì. Kò gba agbára. Ọmọ ọwọ́ ni píìnì, ẹni tó bá fi ipá dè é á ge òrùka róbà rẹ̀, èyí tó ń jò díẹ̀ á wá di èyí tó ń jò gan-an. Bí kò bá tún gbọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: ẹ tú u pátá kí táyà rọ̀, ẹ nu inú fáàfù, ẹ fi ọwọ́ de tuntun títí á fi dúró, kí ẹ wá fi irinṣẹ́ fún un níwọ̀nba, kò gbọdọ̀ tó ìdajì ìyípo. Owó píìnì ò tó owó tí wọ́n ń gbà láti lẹ túùbù. Ìyẹn ni kò fi yé mi bí àwọn kan ṣe ń san owó túùbù tuntun nítorí píìnì tó dọ̀tí.

Bó bá jẹ́ ìdí fáàfù, níbi tó ti pàdé túùbù, ni omi ọṣẹ ti ń hó, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Fáàfù ti ń ya kúrò lára túùbù nìyẹn, kò ṣeé lẹ̀. Bí kò bá sì hó níbì kankan, ó kù kí wọ́n tú túùbù síta kí wọ́n rì í sínú ọpọ́n omi, kí wọ́n sì fọwọ́ pa inú rímù wò, torí orí sípóòkì tó yọ síta jù lè máa gún un láti ìdí.

Yíya tí fáàfù ń ya yìí lágbára ju ọ̀rọ̀ ọmọrí lọ, nọ́ọ̀tì kékeré tó bá fáàfù wá ló sì máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ ló ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì yẹn mọ́ rímù gbagidi, wọ́n rò pé bó ṣe le tó ló ṣe dára tó. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí táyà bá rọ̀, tí ẹ sì tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ fún un níná lójijì, táyà á yọ̀ díẹ̀ lórí rímù, á sì wọ́ túùbù dání. Fáàfù ò lè tẹ̀lé e, ihò rímù dì í mú. Bí nọ́ọ̀tì bá wà ní títú, fáàfù á dagun, ẹ ó rí i pé ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ti dì í mọ́ rímù, kò ríbi dagun sí, á já nídìí. Táyà á sì rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí eré.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń wọ táyà, nọ́ọ̀tì lè wà lórí rímù kí fáàfù má baà wọlé sọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tú u, ẹ gbé e lọ sókè, kí ẹ fún un mọ́ ìdí ọmọrí. Ó ń ṣe iṣẹ́ méjì níbẹ̀: jìgìjìgì ọ̀nà ò ní lè tú ọmọrí mọ́, ẹ ó sì tètè rí i bí fáàfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dagun. Bó bá sì ti dagun, ẹ má fi ẹ̀mú fà á tọ́. Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, ẹ tẹ ètè táyà kúrò lára rímù lọ́tùn-ún lósì, ẹ yí táyà padà títí fáàfù á fi tọ́, kí ẹ tó tún un fẹ́.

Àìtó afẹ́fẹ́ ló bí gbogbo ìyẹn. Bajaj Boxer 100 tó kún ìgboro, iwájú rẹ̀ ń gba psi 25 (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Ẹ̀yìn ń gba 28 bí ẹ bá dá gùn ún, 32 bí èrò bá wà lẹ́yìn. Ọ̀kadà míì ní tirẹ̀ nínú ìwé tó bá a wá. Ẹ géèjì rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó gùn ún, torí táyà tó ti gbóná ń pa irọ́, á fi hàn ju bó ṣe rí lọ. Ẹ rántí ọyẹ́ pẹ̀lú: bí otútù bá mú ìwọ̀n Celsius 10 kúrò lára ooru, psi bíi 1 àti ààbọ̀ ló ń bá a lọ, láìjẹ́ pé ibì kankan ń jò. Àwọn kan á ní àjẹ́ ló wà lára táyà wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọrí, torí ọjà rẹ̀ ní àrà. Èyí tó jẹ́ ike dúdú lásán ló dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: kò wúwo, kì í dípẹtà, kò wu ẹnikẹ́ni jí. Ti irin tó ní róbà nínú fi nǹkan kan dára jù ú lọ, torí bí píìnì bá ń jò, ó lè di afẹ́fẹ́ mú fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀tàn wà. Bí ẹ bá ń tú u tí ẹ gbọ́ "ṣì" kó tó bọ́ tán, píìnì yín ti bàjẹ́ tipẹ́, òun ló ń bò ó. Irú kan wà tí orí rẹ̀ tín-ín-rín tó là sí méjì. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹwà ni, irinṣẹ́ píìnì tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn náà ni. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ tì í bọ inú fáàfù, ẹ yí i. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ rà á.

Ti alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn láwọ̀ mèremère, èyí táwọn ọmọ Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, fẹ́ràn, ó ní àrùn kan. Alumíníọ̀mù lórí idẹ, tí omi òjò bá ń wọ àárín wọn, á hu lẹ́búlẹ́bú funfun, á sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ fáàfù bí ẹni jó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ẹ̀mú yí i tipátipá á fún fáàfù lọ́rùn nídìí, túùbù lọ nìyẹn. Gírísì bíńtín lára tírẹ́ẹ̀dì kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bó bá ti lẹ̀, ẹ fi sípánà di nọ́ọ̀tì mú kí fáàfù má baà yí, ẹ kán epo sí i, ẹ dúró, kí ẹ wá yí ọmọrí nìkan.

Èyí tó ń tan iná lálẹ́, eré ọmọdé ni, kò burú. Àwọ̀ ewé, ní àwọn ibì kan, ń tọ́ka pé gáàsì nitirójìn ló wà nínú táyà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sì rèé, nitirójìn ti tó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí ni èyí tó ń yí àwọ̀ padà láti fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe tó. Kó tó lè mọ̀, ó gbọ́dọ̀ máa tẹ píìnì sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí afẹ́fẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára táyà tó wọ irú rẹ̀, ọmọrí nìkan ló ń di afẹ́fẹ́ mú lóòótọ́. Òkúta kan gbá a, ó là, táyà rọ̀.

Bí ọmọrí bá sọnù lójú ọ̀nà, ẹ má fòyà. Nílọ́nù kékeré tí ẹ fi rọ́bà túùbù àlòkù so á gbé yín dé ilé, ṣùgbọ́n ẹ tú u lọ́jọ́ kejì, torí omi á máa gbé inú rẹ̀. Ìdérí báírò kì í fún un, gegele àkọ́kọ́ ló máa jù ú nù. Ṣíńgọ́ọ̀mù ni kí ẹ má dán wò láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ táyà náà lẹ́yìn yín á tì í wọ inú píìnì, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Oníke dúdú yẹn, ẹ ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, kí ẹ fi mẹ́rin sínú àpò irinṣẹ́ abẹ́ ìjókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ pupa dandan, tó wá sọnù, tí ẹ rí irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì lára ọ̀kadà ẹlòmíràn, ẹ kí ọ̀gbẹ́ni náà dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan náà lẹ jọ ń fẹ́ táyà.